Ọmọ Ilé Tàbí Àlejò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ka mítà iná ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí i ká. Mo mọ ajá tó máa ń gbó lásán àti èyí tó máa ń bu ni jẹ, mo sì mọ ìyàtọ̀ láàárín mítà tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ àti mítà tí ẹnìkan fi ọwọ́ bà jẹ́. Nígbà tí mítà tí à ń fi káàdì ra iná sí dé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti kà mọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ní ká máa lọ. Mo mú ìwé kékeré tí mo fi ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ bọ̀ wálé, ìwà tó bá iṣẹ́ náà wá sì bá mi wálé.

Ọmọbìnrin wa ni mo wá ń kà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, òun nìkan ni a bí. Àrùn fòníkúfọ̀ladìde ti ń bá a jà láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ. Kí èmi àti ìyá rẹ̀ tó ṣègbéyàwó, a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọ wa ṣe pa á láṣẹ, ìwé tí wọ́n fún mi sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi kò ní àléébù kankan. Àṣìkà ni. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ láìfarabalẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ọmọ mi ló ń jẹ ìyà rẹ̀ títí dòní. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kì í gba nọ́ńbà tí ẹlòmíì kà gbọ́ àyàfi tí mo bá fi ojú ara mi rí i.

Ní àràárọ̀, kí ó tó lọ sílé ìwé, màá wo ẹyinjú rẹ̀ bóyá ó ti ń pọ́n bí ìyeyè, màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, màá bi í pé ife omi mélòó ló ti mu, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé wọ́n gba mítà lọ́wọ́ mi, mo wá sọ ọmọ di mítà. Tí mo bá sì gbàgbé, ọmọ náà yóò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́yìn.

"Dádì, ẹ ò tíì kà mí láàárọ̀ yìí o. Tí wọ́n bá wá já iná mi, ẹ má bínú sí mi."

Ìdí tí mo fi ra ọkọ̀ oníná kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìrora àrùn náà dé àyà rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù ńlá kan ní Ṣàgámù ti kìlọ̀ fún wa pé tó bá ti di ọ̀rọ̀ àyà, a kò gbọ́dọ̀ yà síbòmíì. Ọ̀dọ̀ wọn, níbi tí fáìlì rẹ̀ wà, ni ká máa gbé e bọ̀ tààrà. Mo pe takisí kan. Takisí náà kú sójú ọ̀nà nítòsí Odògbolú. Wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú ni a fi jókòó sínú rẹ̀, tí awakọ̀ ń fi ẹnu fa epo láti inú rọ́bà, tí ọmọ mi ń mí bí ẹni tó ń sáré. Mo ka gbogbo ìṣẹ́jú náà. Nígbà tí a dé, dókítà ní ó ku díẹ̀. Kò sọ ohun tí ó ku díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, n kò sì bi í. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé ọmọ mi kò ní tún wọ ọkọ̀ tí n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù wá gbówó lórí ju bó ti yẹ lọ, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ oníná kéékèèké wọlé, àwọn tí wọ́n ti lò díẹ̀ lókè òkun. Mo gba ọ̀kan, mo sì ń fi í kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgboro lọ sí Ìjagun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ọkọ̀ náà ni Ṣàgámù. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé géètì ọsibítù jẹ́ kìlómítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Tí mo bá sá eré tí wọ́n ń sá lórí títì márosẹ̀, yóò jẹ ìdá méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún iná tó wà nínú bátìrì. Nítorí náà mo ṣòfin pé ọkọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ wọ àgbàlá wa pẹ̀lú ohun tó dín sí ogójì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ 40 sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa.

Iná ilé wa kò lè ràn án lọ́wọ́. Kì í wà ju wákàtí mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, bó bá sì wà, agbára rẹ̀ kì í ká fìríìjì. Ibùdó tí ilé iṣẹ́ náà kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìjagun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Òpó ṣáàjì mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lábẹ́ òrùlé páànù, obìnrin kan sì máa ń jókòó sínú yàrá kékeré onígíláàsì láti bójú tó wọn. Nínú àdéhùn tí mo fi ra ọkọ̀, ọdún kan gbáko ni màá fi máa gba iná níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ogún dé ọgọ́rin, ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ rí.

Ọdún náà pé ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo fa okùn iná, mo kì í bọ ọkọ̀, ojú òpó náà sì yí padà. Èmi fúnra mi ni mo ti ní kó máa bá mi sọ Yorùbá láti ọjọ́ kìíní, ó sì máa ń dùn mọ́ mi. Ohun tó kọ lọ́jọ́ náà ni pé: "Ẹ káàbọ̀. Ṣé ọmọ ilé ni yín, tàbí àlejò?" Ibi títẹ̀ méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí àlàyé kankan.

Mo dúró, mo rò ó. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Nílé ìyá mi, tí àlejò bá bá wa nídìí ìkọ́kọrẹ́, abọ́ àlejò ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù, òun ló sì ni orí ẹja. Àwa ọmọ ilé á máa wo ògiri bí ẹni tí ebi kò pa. Ọmọ ilé ló ń dúró, àlejò ló ń jẹun. Mo tún rò ó pé n kò ní ìpín kankan nínú ilé iṣẹ́ náà, n kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá sì pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilé nínú ilé onílé, ìtìjú ló ń wá. Mo tẹ Àlejò. Kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ilé tí mo ní.

Ojú òpó náà ní, "A ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ọgbọ̀n ọjọ́."

Ogún ló wà nínú bátìrì nígbà tí mo wọlé. Nígbà tí ìṣẹ́jú méjìdínlógójì pé, mo wo nọ́ńbà, ó jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo fa okùn yọ, mo kì í padà. Mo lọ sí òpó kejì, bákan náà ni. Mo bá lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin inú gíláàsì, mo sọ fún un pé òpó wọn ti bàjẹ́, pé mo mọ̀ nípa iná. Ó wo ohun kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Òpó ò bàjẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ tẹ àlejò."

"Ṣé àlejò kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹun ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. "Nílé tiyín nìyẹn. Níbí, ọmọ ilé ló ń jẹun. Àlejò á máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé. Ọmọ ilé ni ẹni tó bá ń san owó oṣooṣù yàtọ̀ sí owó iná tó bá gbà; òun ni iná ń yára fún. Àlejò yóò san owó iná nìkan, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rí i gbà. Mo ní kó yí i padà, pé mo ṣe tán láti san án lójú ẹsẹ̀. Ó ní kò sí lọ́wọ́ òun, kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní orílẹ̀-èdè yìí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń darí rẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ kò sì lè di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Mo padà sínú ọkọ̀, mo jókòó. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ka mítà, ohun kan tó dá mi lójú ni pé iná kò mọ ojú. Mo ti ka mítà olówó, mo ti ka mítà opó kan ní Ayépé tó jẹ́ gílóòbù kan ló ní, bákan náà ni àwo inú mítà ṣe ń yí. Ẹni tó bá lò púpọ̀ yóò san púpọ̀, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n iná tó wà nínú òpó yìí kò dín, okùn náà kò tín-ín-rín ju ti àná lọ. Wọ́n kàn mú àkókò jáde kúrò nínú iná, wọ́n wá ń ta àkókò náà lọ́tọ̀. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù ni bí òpó kejì ṣe mọ̀ mí. Ọkọ̀ mi ló sọ fún un. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ki okùn bọ̀ ọ́ ni ó ń sọ ẹni tí mo jẹ́, ibi tí mo ti wá, àti iye tó kù sí mi nínú. Èmi tí mo ń ka ará ìlú tẹ́lẹ̀, ohun tí mo fi owó ara mi rà ló wá ń kà mí.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dára. Wákàtí mẹ́rin ni mo ń lò níbi òpó kí n tó lè wálé pẹ̀lú ogójì, n kò sì lè kó akẹ́kọ̀ọ́ ju ìgbà méjì lọ lójúmọ́. Òjò kò dá. Òtútù ni ọ̀tá ọmọ mi, mo sì ń ká ṣúẹ́tà mọ́ ọn lára bí ẹni ń di ẹrù. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ti ń yí padà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó pọ́n sí i. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó dúró kí n kà á, ṣùgbọ́n kò bá mi ṣàwàdà. Ìyá rẹ̀ ní kí n jẹ́ ká lọ bá aládùúgbò wa, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì tó ní ọkọ̀ elépo, ká lè mọ̀ pé yóò gbé wa tó bá di dandan. Mo ní kò pọn dandan. Ọkọ̀ wà. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Ọjọ́bọ̀, mo wà níbi òpó ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, nígbà tí ìyá rẹ̀ pè mí. Òjò ti pa ọmọ náà bọ̀ láti ilé ìwé. Apá ló kọ́kọ́ ń dùn ún, ó sì ti dé àyà báyìí. Ìyá rẹ̀ ti sáré lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ àgbà, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Èkó láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀ ti pe takisí méjì. Ọ̀kan kò gbé fóònù, èkejì ní omi ti bo ọ̀nà tí òun yóò gbà wá.

Mo wo nọ́ńbà. Mẹ́rìnlélógún.

Obìnrin inú gíláàsì rí ojú mi, ó jáde wá. Mo sọ fún un. Ó sáré padà, mo rí i tó ń tẹ kọ̀ǹpútà náà, tó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, tó sì wá fi ọwọ́ méjèèjì lé orí. Mo fa okùn yọ.

Mẹ́rìnlélógún ni mo ní, mọ́kànlélógún ló kù nígbà tí mo délé. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni Ṣàgámù ń jẹ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé nígbà kan, ẹ̀yìn tírélà kan ni mo wà láti Ṣàgámù wálé, tí n kò lè ju kìlómítà márùndínláàádọ́ta lọ ní wákàtí kan, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà pé ogún ni ó jẹ. Mo ṣí ìwé, mo tún un wò kí ó lè dá mi lójú. Ogún. Nítorí náà, tí n kò bá tan ẹ̀rọ atẹ́gùn, tí n kò sì sáré, ẹyọ kan péré ló máa ṣẹ́ kù sí wa.

A gbé e sí iwájú, a dẹ ìjókòó náà sẹ́yìn fún un. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó na ọwọ́ láti fi ìborùn rẹ̀ nu gíláàsì iwájú, nítorí èémí wa ti bò ó. Àwọn tírélà ń fọn fèrè lé wa lórí, wọ́n ń kọjá, wọ́n ń da omi lé wa. Mo fẹ́ wo nọ́ńbà, ṣùgbọ́n tí mo bá gbójú kúrò lójú ọ̀nà, n kò ní rí i mọ́. Ọmọ náà mọ̀.

"Ẹ máa wojú ọ̀nà, Dádì. Mo máa bá yín kà á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn rẹ̀ kéré, ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀. Mẹ́tàdínlógún. Mẹ́rìndínlógún. Odògbolú ni a wà nígbà tó pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì rí ibi tí takisí ọjọ́sí kú sí. Méjìlá. Mọ́kànlá. Mo ń ṣírò kìlómítà lọ́kàn mi, nọ́ńbà méjèèjì sì ń sáré bá ara wọn. Nígbà tó pe mẹ́fà, ọkọ̀ ṣe ohùn kan, ọ̀rọ̀ jáde lójú rẹ̀. Ọmọ náà kà á fún mi bó ṣe wà.

"Ibùdó ṣáàjì wà níwájú yín ní kìlómítà méjì. Ó wà fún ọmọ ilé nìkan."

Ìyá rẹ̀ bèèrè láti ẹ̀yìn pé, "Àwa ńkọ́?"

"Àlejò ni wá, Mọ́mì," ọmọ náà dáhùn.

A kọjá níwájú rẹ̀. Òpó mẹ́ta ni, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lórí wọn nínú òjò, kò sí ọkọ̀ kankan nídìí wọn. N kò dẹsẹ̀ dúró.

Nígbà tó pe mẹ́ta, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dín eré kù. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè sáré, kò gbọ́. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nọ́ńbà mọ́. Mo dúró de méjì, méjì kò wá. N kò mọ̀ bóyá nọ́ńbà ni kò tíì yí, tàbí ẹni tó ń kà á ni kò lè kà mọ́. Ọrùn mi kọ̀, kò yí. Kìlómítà kan kọjá bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ó ń mí. Máa lọ."

Ọkọ̀ náà wọ géètì, ó rìn dé iwájú ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn pàjáwìrì, ó sì dúró. Èmi kọ́ ni mo dá a dúró. Wọ́n gbé ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú kó lè rí atẹ́gùn mí, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Dókítà kan náà ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó jáde, ó wò mí, ó wo ọkọ̀ tó dí ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé ó ku díẹ̀. Ó kàn ní ká jókòó.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n dá a dúró. Ní ọjọ́ kẹta ló la ojú dáadáa, ó sì bi mí pé mélòó la fi dé. Mo sọ fún un pé ẹyọ kan. Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀," ó sì tún sùn.

Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, mo lọ sí ibi òpó lówùúrọ̀. Ọmọ náà ní òun yóò bá mi lọ, mo sì jẹ́ kó wá, nítorí oòrùn ràn lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ṣúẹ́tà rẹ̀. Mo ki okùn bọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè láti ọgbọ̀n ọjọ́ jáde, ṣùgbọ́n ó ti gùn sí i.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé àkọ́bí ni yín, ọmọ ilé, tàbí àlejò?"

Obìnrin inú gíláàsì ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa kí n tó pè é. Ó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ọmọ, ó sì rí i fúnra rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní àná ni èyí dé. Owó ti àkọ́bí ju ti ọmọ ilé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Tí àkọ́bí bá ti wọlé, òpó yóò dín ti ọmọ ilé kù títí àkọ́bí yóò fi yó.

Ọmọ mi yọrí lójú fèrèsé. "Èmi ni àkọ́bí nílé wa, Dádì. Ṣùgbọ́n n ò rò pé wọ́n máa gbà á."

Agbára mi kò ká àkọ́bí. Mo tẹ ọmọ ilé, mo sì wo aago mi. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bó ṣe máa ń wọlé tẹ́lẹ̀, ọmọ náà sì ń ka nọ́ńbà jáde fún mi láìjẹ́ pé mo rán an. Ogún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n. Ó ń yára, ohùn rẹ̀ sì ti padà sípò. Ní ìṣẹ́jú kẹtàlá, jíìpù funfun kan yà wọlé, ó lọ sí òpó kẹrin. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ wò wá. Ó ki okùn rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì gbé fóònù sétí.

Ọmọ mi pe ogójì. Ó tún pe ogójì. Ó wojú mi.

Nígbà tí a délé, mo fi aṣọ nu 40 kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo kọ 60. Ìyá rẹ̀ ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní kí n wá jókòó, pé òun ti lọ bá olùkọ́ àgbà, olùkọ́ náà sì ti sọ àwọn ọjọ́ tí òun àti ọkọ̀ rẹ̀ máa ń wà nílé. Mo mú ìwé mi, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀.